Ẹsẹ̀ Ọmọ: Èyí Tó Lè Dúró àti Èyí Tí Kò Gbọdọ̀ Dọ̀la

  Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ẹ mú ìwé àti bíròó yín sún mọ́ tòsí. Ọ̀rọ̀ tòní ní ohun tí a ó kọ sílẹ̀ nínú.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọmọ ni mo fẹ́ bá yín sọ: ẹsẹ̀ àti apá, orúnkún àti igúnpá, àti eegun tó wà nínú wọn. Ohun tó mú mi yan ọ̀rọ̀ yìí ni pé mo ń rí i ní àwọn abúlé tí a ti ń kọ́ni níwèé pé a máa ń sáré níbi tí kò yẹ kí a sáré, a sì máa ń jókòó níbi tó yẹ kí a sáré. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, gbogbo ilé á máa gbé e kiri. Èyí tí ibà mú, tí kò lè gbé itan rẹ̀ kan, wọ́n á ní kí a ṣì máa fi omi gbígbóná ra á títí di ọjọ́ ọjà. Èyí tó lè dúró ni a ń gbé kiri yìí, èyí tí kò lè dúró ni a sì fi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú èyí tí kò yẹ kó dẹ́rù bà wá. Ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn máa ń tẹ̀ síta bí ọrun ọdẹ, orúnkún rẹ̀ kì í kan ara wọn. Bó ṣe ká ẹsẹ̀ jọ nínú ikùn ìyá rẹ̀ ni, nítorí pé àyè ibẹ̀ kò gbà á. Nígbà tó bá fi máa pé ọdún méjì, ẹsẹ̀ náà á ti máa tọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò wá yí sí òdìkejì. Láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, orúnkún á máa gbá ara wọn, ọrùn ẹsẹ̀ á sì jìnnà síra. Ìyá àgbà á ní, “Ẹ ti na ẹsẹ̀ ọmọ yìí jù.” Kò sí ẹni tó nà án jù. Bí eegun ọmọ ènìyàn ṣe ń dàgbà nìyẹn, ní Kétu níhìn-ín àti ní ìlú òyìnbó. Tó bá fi máa pé ọdún méje, ẹsẹ̀ á ti tọ́ bó ṣe yẹ. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ kékeré tó tẹ́ pẹrẹsẹ náà, kì í ṣe àìsàn. Ọ̀rá ló kún ibẹ̀. Bó bá ń dàgbà, kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ á yọ.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé pípọ̀n ló ń mú ẹsẹ̀ ọmọ tẹ̀. Èyí kì í ṣe òótọ́, kódà ìdàkejì rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọmọ tí a pọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yà sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ méjèèjì, orí eegun itan á sì jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀ ní ìbàdí. Ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti máa ń na ẹsẹ̀ ọmọ tuntun gbọọrọ, tí wọ́n á fi aṣọ dì í pinpin, orí eegun itan máa ń yọ kúrò ní àyè rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọmọ. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn Navajo ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n máa ń so ọmọ mọ́ pákó. Ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Japan pẹ̀lú, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún àwọn ìyá jákèjádò ilẹ̀ náà ní nǹkan bí ọdún 1975 pé kí wọ́n má na ẹsẹ̀ ọmọ mọ́, tí àìsàn náà sì dín kù gan-an. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín tí a ti ń pọn ọmọ, ó ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ máa pọn ọmọ yín. Ẹ máa fi òrí ra ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ bá fẹ́, kò léwu. Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sílẹ̀ ni fífi aṣọ so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí ó lè tọ́.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe mọ̀ bí ẹsẹ̀ títẹ̀ bá ti kọjá ti ọmọdé? Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀, kí ẹ fi ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kanra. Ẹ wá ki ìka ọwọ́ yín bọ àárín orúnkún rẹ̀. Bí ọmọ bá ti kọjá ọdún méjì, tí ìka mẹ́rin àgbàlagbà sì wọ ibẹ̀, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ gbé e lọ pẹ̀lú bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló tẹ̀, tàbí pé títẹ̀ náà ń pọ̀ sí i lóṣooṣù, tàbí pé ọmọ ń tiro, tàbí pé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ nípọn bí ẹni wú.

Ọrùn ọwọ́ tó nípọn yìí, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ó sábà máa ń sọ fún wa pé eegun ọmọ náà rọ̀. Ìwé tí wọ́n ń kọ ní ìlú òyìnbó máa ń sọ pé àìrí oòrùn ló ń fà á. Àwa kò ṣàìní oòrùn. Àwọn dókítà kan ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìlú Jos ní ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 1999. Ọmọ 123 tí eegun wọn rọ̀ ni wọ́n tọ́jú fún ọ̀sẹ̀ 24. Wọ́n rí i pé oúnjẹ tí àwọn ọmọ náà ń jẹ kò ní kálísíọ̀mù tó, ìyẹn ohun tó ń mú eegun àti eyín le. Àwọn tí wọ́n fún ní kálísíọ̀mù, eegun wọn sàn ju ti àwọn tí wọ́n fún ní fítámì oòrùn nìkan lọ.

Kí ni àwọn ọmọ wa ń jẹ? Ẹ̀kọ ní òwúrọ̀, ọkà àgbàdo ní ọ̀sán, ọkà tàbí gààrí ní alẹ́. Àgbàdo dára, òun ló gbé wa dàgbà, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ọmọ bá ti já lẹ́nu ọmú, tó jẹ́ ẹ̀kọ lásán ló ń mu, ibẹ̀ ni ewu wà. Oògùn rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ẹja yọ́yọ́ gbígbẹ tí a lọ̀ pẹ̀lú eegun rẹ̀, ṣíbí kan nínú ẹ̀kọ ọmọ lójoojúmọ́. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri. Edé. Ewédú àti ewé oṣè. Mo mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ilé, bàbá ni wọ́n ń bu ẹja fún, ọmọ á sì fi omi ọbẹ̀ jẹun. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n eegun tiyín ti gbó, ti ọmọ ló ṣì ń dàgbà. Bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nígbà tí ọmọ ṣì kéré, ẹsẹ̀ tó ti tẹ̀ sábà máa ń tọ́ fúnra rẹ̀ bí eegun bá ti le. Bó bá pẹ́, iṣẹ́ abẹ ni yóò kù.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ẹsẹ̀ tí ọmọ gbé wá láti inú ìyá rẹ̀: èyí tó yí sínú, tí àtẹ́lẹsẹ̀ kọjú sí ẹnì kejì rẹ̀, tí gìgísẹ̀ sì fà sókè. Nínú bí ẹgbẹ̀rún ọmọ tí a bí, a máa ń rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ, bí ìlọ́po méjì. Lára nǹkan bí ìdajì wọn, ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa ń yí.

Kí ló ń fà á? Ìyá kò jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ. Kò jókòó síbi tí kò yẹ kó jókòó sí. Kò fi arọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkọ rẹ̀ kò pa ẹran tí kò yẹ kó pa. Nínú dídàgbà ẹsẹ̀ náà nínú oyún ni nǹkan ti yí, nígbà mìíràn ó sì máa ń wà nínú ìdílé. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹni òrìṣà ni, pé Ọbàtálá tó mọ ọ́n ló mọ̀dí rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé òun ni kò jẹ́ kí a máa fi àbùkù ara ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti sọ pé òrìṣà ní kí a má tọ́jú ẹni rẹ̀. Ọmọ tí a kò tọ́jú yóò máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn, tàbí ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Ibẹ̀ á yi, á di egbò. Kò ní lè rìn dé oko tó jìnnà. Kò ní lè wọ bàtà. Ní ilẹ̀ Kétu yìí tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wá, ó máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n so ṣaworo mọ́ ẹsẹ̀, òun á sì jókòó.

Ìtọ́jú rẹ̀ wà, kì í sì ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá mọ́. Dókítà kan tó ń jẹ́ Ignacio Ponseti ló fi í lélẹ̀. Ní erékùṣù Menorca ní ilẹ̀ Sípéènì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1914, ní Iowa ní Amẹ́ríkà ló sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní ọdún 2009. Nígbà ayé rẹ̀, ọ̀bẹ ni àwọn dókítà fi ń tún irú ẹsẹ̀ yìí ṣe. Ponseti rí i pé àwọn tí wọ́n là ní kékeré, bí wọ́n bá dàgbà, ẹsẹ̀ wọn máa ń gan, ó sì máa ń ro wọ́n. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ tuntun rọ̀ bí amọ̀ tútù, kí a rọra fi ọwọ́ tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn. Lóde òní ọ̀nà tirẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé káàkiri ayé. Ní ilẹ̀ Uganda, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà, àwọn náà sì ń ṣe é dáadáa.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí a bí ọmọ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ á rọra fa ẹsẹ̀ náà díẹ̀ sí ibi tó yẹ, láìjẹ́ kí ọmọ jẹ̀rora, á sì fi plátà dì í láti ìka ẹsẹ̀ títí dé itan. Plátà ni báńdéèjì funfun tí wọ́n rẹ sómi, tó máa ń gan bí símẹ́ńtì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n á tú u, wọ́n á tún fà á díẹ̀ sí i, wọ́n á tún dì í. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, wọ́n á wá gé iṣan tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ ní ojú kékeré kan kí gìgísẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí wọ́n fẹ́ gé nìkan ni wọ́n máa ń pa kó má dunni, ọmọ sì lè bá ìyá rẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà. Wọ́n á di plátà ìkẹyìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣan náà á so padà, á sì gùn sí i. Tí ẹ bá wo ẹsẹ̀ náà lọ́jọ́ tí wọ́n tú u, ẹ ó ní kì í ṣe ọmọ yẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Bí ẹsẹ̀ bá ti tọ́, ilé á yọ̀, wọ́n á rò pé ó ti parí. Kò tíì parí. Ọmọ á máa wọ bàtà méjì tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan so pọ̀. Oṣù mẹ́ta ni yóò fi wọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru, àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà tó bá ń sùn nìkan ni, títí yóò fi pé ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí a bá bọ́ ọ kí ó tó tó àkókò, ẹsẹ̀ á tún yí padà.

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa tí ọmọkùnrin rẹ̀ gba ìtọ́jú yìí. Ẹsẹ̀ ọmọ ti tọ́. Ṣùgbọ́n òru kì í dùn nínú ilé. Ọmọ ń sunkún bàtà, ìyá ọkọ sì ń sọ pé ṣé ẹrú ni wọ́n bí tí wọ́n fi ń de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ irin. Àánú ló ń ṣe ìyá àgbà, kì í ṣe ìkà. Bí gbogbo ilé bá ti sùn, á rọra dìde, á bọ́ bàtà náà. Kí oṣù kẹrin tó pé, ẹsẹ̀ kan ti ń wọ́ padà. Plátà mẹ́ta ni wọ́n tún dì kí ó tó tọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá ọmọ mú ìwé kíláàsì rẹ̀, ó fa ìlà sí i, ó kọ orúkọ ọjọ́ méjèèje. Bó bá wọ bàtà fún ọmọ lálẹ́, á ṣàmì. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí bàtà sì wà lẹ́sẹ̀, á tún ṣàmì. Ó ní kí ìyá ọkọ òun máa bá òun ṣàmì ti òwúrọ̀. Ìyá àgbà tí kò tíì di bíròó mú rí! Láti ìgbà náà, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló ń bèèrè bàtà tí ọjọ́ bá ti rọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí n tan yín, ìrìnàjò rẹ̀ ń náni lówó. Lílọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún bí oṣù méjì, owó zẹ́mìjáàn àti owó ọkọ̀, bóyá ní àsìkò tí ilẹ̀ oko ń pe ènìyàn. Kí ìdílé jókòó sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń dá èsúsú lè fún ìyá ọmọ náà ní kíkó àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá sì ti dàgbà tó ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò tíì tọ́jú rẹ̀, ẹ má sọ pé ó ti bọ́. Ó máa gba àsìkò sí i, ṣùgbọ́n plátà ṣì lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lára rẹ̀.

Èyí tí mo ti sọ yìí lè fara da ọ̀sẹ̀ kan tàbí oṣù kan. Èyí tó kàn kò lè fara da ọjọ́ kan.

Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná gan-an, tí kò fẹ́ kí a fọwọ́ kan ẹsẹ̀ kan tàbí apá kan, tí kò jẹ́ rìn bẹ́ẹ̀ lánàá ó ń rìn: ilé ìwòsàn lónìí. Ọmọ ọwọ́ tí kò mi ẹsẹ̀ kan, tó ń ké nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ aṣọ ìdí rẹ̀: lónìí. Kòkòrò àìsàn ló ti bá ẹ̀jẹ̀ wọ inú eegun tàbí oríkèé rẹ̀, tó ń di ọyún. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọyún lè jẹ oríkèé itan run pátápátá, ẹsẹ̀ náà á sì kúrú títí ayé. Bó bá jẹ́ inú eegun ni, eegun á kú sínú, ojú egbò á là, á máa da ọyún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwa a máa sọ pé wọ́n ta á lọ́fà ni. A ó sín in ní gbẹ́rẹ́, a ó fi omi gbígbóná ra á. Gbogbo ìyẹn kò dé ibi tí ọyún wà. Dókítà ló lè fà á jáde, tí yóò sì fún ọmọ ní oògùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ lo oògùn náà tán, bí ibà tilẹ̀ lọ ní ọjọ́ kẹta.

Èyí wọ́pọ̀ jù lọ lára àwọn ọmọ tó ní àìsàn fọníkú-fọladìde. Bí ẹ bá rí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú lójijì tó sì ń ro ó, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ bí àìsàn náà ṣe kọ́kọ́ fara hàn nìyẹn.

Ó wá ku eegun kíkán. Ní àsìkò màngòrò, ẹ̀yin náà mọ̀ bó ṣe máa ń rí. Ọmọ á gun igi, ẹ̀ka á ṣẹ́, ọmọ á fi ọwọ́ gbalẹ̀, eegun òkè igúnpá á kán. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń to eegun ni a máa ń gbé e lọ. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń bú àwọn bàbá wọ̀nyí. Eegun ọmọdé máa ń tètè so, ọ̀pọ̀ eegun tí wọ́n tò ló sì ti so dáadáa. Wọ́n wà nítòsí, wọ́n ń gba owó díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ọmọ ènìyàn, èyí tí a kì í rí gbà níbi gbogbo. Ohun tó ń pa apá ọmọ ni ọparun tí wọ́n dì le jù.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí eegun ti kán máa ń wú, á sì máa wú sí i fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí a bá fi ọparun àti okùn dì í pinpin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wíwú náà kò rí ibi tó máa gbà. Yóò fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín wákàtí mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó kán lọ́wọ́ lásán ṣe ń pàdánù ọwọ́ náà: yálà kí ìka rẹ̀ ká kò bí èékánná àwòdì títí ayé, tàbí kí wọ́n gé apá náà kúrò kí ó má bàa pa á. Plátà ilé ìwòsàn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá le jù. Ọ̀nà kan náà ni a fi ń ṣọ́ méjèèjì.

Ẹ kọ èyí sínú ìwé. Ọmọ tí wọ́n di eegun rẹ̀, ẹ wo ìka rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ wò ó ní òru, ẹ wò ó ní òwúrọ̀. Ẹ tẹ èékánná rẹ̀ kí ó funfun, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀: kí ẹ tó ka ení, èjì tán, ẹ̀jẹ̀ yẹ kó ti padà. Bí kò bá padà, bí ìka bá tutù, bó bá wú gidigidi tàbí tó ṣú, bí ọmọ bá ní òun kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù, tàbí kí ọmọ figbe ta nígbà tí ẹ bá na ìka rẹ̀, ẹ tú ọparun náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de bàbá tó dì í. Ẹ má bẹ̀rù pé eegun á yẹ̀, a lè tún eegun tò lọ́la, ṣùgbọ́n ẹran ara tó ti kú kò ní àtúntò. Bó bá jẹ́ plátà ni, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e padà sí ní òru náà. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń to eegun, a bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kó dẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa wo ìka ọmọ. Èyí tí eegun rẹ̀ bá yọ síta, tàbí tó jẹ́ igúnpá, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ. Igúnpá tí a ń fà tí a sì ń ra máa ń gan ni.

Abẹ́rẹ́ ìdí náà wà níbẹ̀. Iṣan ńlá kan gba inú ìdí lọ sí ẹsẹ̀. Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gún bá gún ọmọ ní kíníìnì síbẹ̀, ó lè ba iṣan yẹn jẹ́, ìka ẹsẹ̀ ọmọ á máa wọ́lẹ̀. Bí ọmọ bá lè gbé oògùn mì, ẹ bèèrè oníhóró fún ibà rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta oògùn kiri gún ọmọ yín. Ní ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n, ó sì ti dín kù púpọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé kòkòrò rẹ̀ àtilẹ̀wá ti tán ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà mìíràn, tó ń tàn níbi tí àwọn ọmọ kò ti gba àjẹsára tó, ni wọ́n ti rí ní ilẹ̀ Benin láti ọdún 2019. Nítorí náà, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń kán an sọ́mọ lẹ́nu.

Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ ti agbègbè wa gan-an. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí kókó kékeré lábẹ́ awọ, tàbí ibi tó le tó sì wú, tí kì í dunni. Nítorí pé kò dunni, a kì í kà á sí. Lẹ́yìn náà á là, á di egbò tó ń jẹra lọ lábẹ́ awọ. Àìsàn Buruli ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ló sì máa ń mú jù. Nígbà mìíràn ó máa ń dé eegun. Nígbà tí egbò náà bá jinná fúnra rẹ̀, awọ á fà, orúnkún tàbí igúnpá á ká, kò sì ní nà mọ́. Láti ọdún 2003 ni ilé ìtọ́jú rẹ̀ ti wà ní Pobẹ̀. Bí ẹ bá gbé ọmọ dé nígbà tó ṣì jẹ́ kókó, oògùn ọ̀sẹ̀ 8 sábà máa ń tó. Bí egbò bá ti wà, kí ọmọ máa na oríkèé náà lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, bó tilẹ̀ ń sunkún.

Ibo ni kí a gbà? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìlera tó wà nítòsí yín. Àwọn ni yóò kọ ìwé tí ẹ ó mú lọ sí ilé ìwòsàn ẹkùn ní Pobẹ̀, tó wà fún Pobẹ̀, Adja-Ouèrè àti Kétu. Bó bá ju agbára wọn lọ, àwọn dókítà eegun wà ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Kútọnu. Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Èkó, ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì ń rí ìtọ́jú gbà níbẹ̀ lónìí.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sórí ìwé: ọjọ́ tí a bí ọmọ, ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí nǹkan náà, ohun tí ẹ ti fi tọ́jú rẹ̀ títí kan àgbo, àti ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ padà wá. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání. Bí ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ nà á sí i kó kà á.

Ẹ̀yin olùkọ́ kíláàsì, ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ka ibi tí a ti sọ̀rọ̀ ìka ọwọ́ àti èékánná sókè lẹ́ẹ̀mejì, kí olúkúlùkù sì tẹ èékánná ara rẹ̀ wò kó mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ara bá dá.